Wọ́n Bọwọ́, Wọ́n Rẹ́rìn-ín: Kí Ló Wà Nínú Ìwé Náà?

Gbogbo wa la mọ bí ìròyìn alẹ́ ti máa ń rí lórí tẹlifíṣàn ìjọba nígbà tí àwọn olórí bá ń parí ìjà. Ọkọ̀ dúdú á dé. Ọ̀kan á sọ̀kalẹ̀, èkejì á ti dúró dè é lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa. Wọn á bọ ara wọn lọ́wọ́, wọn á sì dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀ kí àwọn ayàwòrán lè rí i yà dáadáa. Wọn á wá lọ jókòó sórí àga ńlá méjì tí òdòdó wà láàárín rẹ̀. Asọ̀ròyìn á ka orúkọ àwọn tó wá: mínísítà yìí, aṣojú ìlú yẹn, olórí ọmọ ogun. Á ní wọ́n jíròrò lórí ohun tó jẹ orílẹ̀-èdè méjèèjì lógún, àti pé tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi túká. Ó parí. Bọ́ọ̀lù ló kàn.

Ẹ wá bi ara yín léèrè: kí ni wọ́n fẹnu kò sí? Ta ló ṣèlérí kí ni, ọjọ́ wo ni yóò sì mú un ṣẹ? Ta ni ìjà náà kàn gan-an tí wọn ò pè síbẹ̀? Ẹ ò ní rí ìdáhùn kankan nínú ìròyìn yẹn. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyẹn, a ò sì ní fi í sábẹ́ ahọ́n sọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí? Láti oṣù Kẹrin 2025 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ti fi olórí Togo, Faure Gnassingbé, ṣe onílàjà láàárín Kongo-Kinshasa àti Rwanda, lẹ́yìn tí João Lourenço ti Angola gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lomé tún ti di ilé ìlàjà. Ó dùn mọ́ wa nínú. Ẹni tó bá la àwọn oníjà yẹ lẹ́ni tí à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ibi yòówù kó ti wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń parí ìjà ní ààfin ìlú ẹni, ó yẹ kí ọmọ ìlú mọ ohun tí wọ́n parí rẹ̀ sí.

Ẹ wo ìjà Kongo yẹn fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2025 ni àwọn M23 gba Goma. Àwọn olùwádìí ONU sọ pé Rwanda ló ń tì wọ́n lẹ́yìn, Rwanda ní irọ́ ni. Nígbà tó di oṣù Kejì, wọ́n gba Bukavu. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, Ààrẹ Tshisekedi àti Ààrẹ Kagame pàdé ní Doha, lọ́dọ̀ ọba Qatar. Àwòrán àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbi tí wọ́n jókòó sí lọ káàkiri ayé. Wọ́n ní kí ìbọn dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kejì gan-an ni àwọn M23 wọ Walikale. Ẹni tó bá wo àwòrán yẹn lálẹ́ Tuesday, tó lọ sùn, tó rò pé ogun ti tán, ta ló tàn án? Kì í ṣe àwòrán náà. Àwọn tó gbé e jáde láì sọ pé àwọn tó ń yìnbọn kò sí nínú yàrá yẹn ni.

Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, ìjọba Kinshasa àti M23 jọ gbé ọ̀rọ̀ kan jáde pé àwọn yóò dáwọ́ ìjà dúró. Tẹlifíṣàn ìjọba Kongo, RTNC, ka ọ̀rọ̀ náà síta. A yìn wọ́n fún ìyẹn, nítorí ohun tó yẹ kí ilé ìròyìn ìjọba ṣe gan-an nìyẹn: ka ohun tí wọ́n sọ, kí ará ìlú gbọ́. Àmọ́ ìjọba kan náà yẹn ló ti gba ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníròyìn Al Jazeera ní oṣù Kìíní, torí pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá olórí M23 kan lẹ́nu wò. Ẹ ò rí i bí? Wọ́n fẹ́ kí ará ìlú gba àdéhùn tí àwọn bá ẹnìkan ṣe, wọn ò sì fẹ́ kí ará ìlú gbọ́ ohùn ẹni náà rí. Àwọn àgbà wa ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà, àwọn mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti Kongo àti Rwanda fọwọ́ sí ìwé kan ní Washington. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, àwọn ààrẹ méjèèjì fúnra wọn lọ síbẹ̀, Donald Trump jókòó láàárín wọn, wọ́n fọwọ́ sí i. Àwòrán tún kún ojú tẹlifíṣàn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá kan náà, M23 ti wọ Uvira. Ó ya àwọn tó ń wo àwòrán nìkan lẹ́nu. Kò ya àwọn tó ti ka ìwé lẹ́nu, torí M23 kì í ṣe ara àwọn tó fọwọ́ sí ìwé Washington rárá. Ìjíròrò tiwọn wà ní Doha, lọ́tọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan èdè wa nìyí, a sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kejìlá 2025, ó kéré tán ìgbà mẹ́fà ni àwọn tó ń túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá ní láti sọ pé “wọ́n ti ṣe àdéhùn lórí Kongo.” Àdéhùn Doha. Àdéhùn oṣù Kẹrin. Àdéhùn Washington. Àdéhùn Doha mìíràn ní ọjọ́ 19 oṣù Keje, òmíràn ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá, kí àwọn ààrẹ tó tún lọ sí Washington. Baba tó ń gbọ́ rédíò lábẹ́ igi ní Kétu á ní: “Àdéhùn wo ni wọ́n tún ń ṣe? Ṣebí wọ́n ti parí rẹ̀ lọ́jọ́sí?” Baba ò jẹ̀bi. Nínú èdè Faransé, ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí kì í ṣe ohun kan náà. Ti oṣù Kẹta jẹ́ ìpè lásán pé kí ìjà dúró. Ti oṣù Keje jẹ́ ìlànà tí àwọn méjèèjì gbà pé àwọn yóò tẹ̀ lé bí àwọn bá ń jíròrò. Ti oṣù Kọkànlá jẹ́ àlàkalẹ̀: wọ́n to orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì máa jíròrò lé, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọn ò sì tíì fẹnu kò sí. Ẹni tó ń gbé iyàwó mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìdána àti ìgbéyàwó. Bí ẹnikẹ́ni bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìgbéyàwó, ẹbí á bínú. Kí ló wá dé tí gbogbo ìwé tí olórí bá fọwọ́ sí fi ń jẹ́ àdéhùn?

A ò dá àwọn tó ń ka ìròyìn ní Yorùbá lẹ́bi. A mọ bí iṣẹ́ yẹn ti ń rí. Wọ́n á kó ìwé Faransé fún wọn, wọ́n á ní kí wọ́n kà á ní Yorùbá láìpẹ́, orúkọ ènìyàn ogún ló sì ti gba ìdajì ìwé náà. Àkókò tí wọn ì bá fi wá ọ̀rọ̀ tó tọ́ fún “cessez-le-feu” àti “accord-cadre,” orúkọ àti oyè ni wọ́n fi ń kà. Àwọn tó kọ ìwé náà ló yẹ ká bá wí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Lomé, ní 1999, torí àwọn ọmọ wa tó ń wo tẹlifíṣàn lónìí kò tíì sí láyé nígbà náà. Ogun Sierra Leone ti wà láti oṣù Kẹta 1991. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní 1999, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ Freetown, wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń gé ọwọ́ àwọn ènìyàn. Foday Sankoh tó jẹ́ olórí RUF wà lẹ́wọ̀n, wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún un. Inú ẹ̀wọ̀n yẹn ni wọ́n ti mú un wá sí Lomé ní oṣù Kẹrin kó lè bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Eyadéma ni alága CEDEAO nígbà náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kárùn-ún, Ààrẹ Ahmad Tejan Kabbah àti Sankoh gbà láti dáwọ́ ìjà dúró. Ìjíròrò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀, ó sì gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọjọ́ 7 oṣù Keje ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà, tí gbogbo ayé ń pè ní àdéhùn Lomé títí dòní.

A bi àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń gbé ní Togo nígbà yẹn pé kí ni wọ́n rántí. Wọ́n rántí àwọn ọkọ̀. Wọ́n rántí ọ̀nà tí wọ́n dí, àti àwọn ààrẹ tí wọ́n rí lórí tẹlifíṣàn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ ohun kan ṣoṣo tó wà nínú ìwé. Ọ̀kan tilẹ̀ bi wá pé: “Ṣé ìwé wà níbẹ̀ ni?”

Ìwé wà níbẹ̀, bàbá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé. Wọ́n fún RUF ní mínísítà mẹ́rin àti igbákejì mínísítà mẹ́rin. Wọ́n fi Sankoh ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó dáyámọ́ńdì, góòlù àti àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì mìíràn, pẹ̀lú ipò igbákejì ààrẹ. Wọ́n dárí ji òun àti gbogbo àwọn tó jagun, pátápátá, lórí ohun gbogbo tí wọ́n ṣe láti 1991 títí di ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Francis Okelo tó ṣojú ONU kò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó fọwọ́ sí pé ìdáríjì náà kò kan pípa ẹ̀yà run àti ìwà ọ̀daràn ogun lójú ti ONU. Ìlà díẹ̀ péré, ṣùgbọ́n ìlà díẹ̀ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ilé ẹjọ́ pàtàkì fún Sierra Leone lè jókòó lẹ́yìn náà láti dá ẹjọ́. Kámẹ́rà wo ló lè ya irú ìyẹn?

Ẹ tún wo orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí àti onígbọ̀wọ́: Eyadéma, Obasanjo, Blaise Compaoré, àti Charles Taylor ti Liberia. Ní 2012, ilé ẹjọ́ kan náà dá Taylor lẹ́bi pé ó ran RUF lọ́wọ́, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n àádọ́ta ọdún. Lórí tẹlifíṣàn, ààrẹ kan láàárín àwọn ààrẹ ni.

Àwa ò sọ pé ìwé Lomé burú o. Àwọn kan wà tó sọ pé láìsí i, wọn ì bá pa ènìyàn sí i lọ́dún yẹn. Àwọn mìíràn ní kí ni ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ yóò sọ nígbà tó bá gbọ́ pé ọ̀gá àwọn agéwọ́ ti di alága dáyámọ́ńdì. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwọn ènìyàn jiyàn lé lórí ni, lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí, nílé aláró. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ìwé, kí ni yóò fi jiyàn? Ìwé náà fúnra rẹ̀ sì mọ èyí. Ó pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ méjèèjì jẹ́ kí gbogbo ọmọ ogun wọn mọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, kí ìjọba Sierra Leone sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù Kárùn-ún 2000, RUF ti kó nǹkan bí 500 àwọn apẹ̀tùsíjà ONU nígbèkùn. Wọ́n mú Sankoh padà sí àtìmọ́lé. Oṣù Kìíní 2002 ni wọ́n tó kéde pé ogun tán.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìlàjà kì í ṣe ohun tí à ń pariwo. A gbà. A kì í ṣí ìkòkò ṣáá nígbà tí ọbẹ̀ kò tíì jinná. Ní oṣù Keje 2022, Mali mú ọmọ ogun Ivory Coast 49 ní Bamako. Togo ló wọlé, tó ń lọ tó ń bọ̀, láìsí ariwo púpọ̀. Wọ́n tú àwọn obìnrin mẹ́ta sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sì dárí ji àwọn 46 tó kù ní oṣù Kìíní 2023. Ká ní ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò, bóyá ì bá bàjẹ́. Nítorí náà a ò ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà wọ yàrá. Ohun tí a ń bèèrè ni ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Èyíinì ti jinná. Bí a bá parí ìjà lágboolé, ṣebí olórí ẹbí á tún ọ̀rọ̀ náà sọ sí etí gbogbo wa kí a tó túká, kí ẹnikẹ́ni má bàa wí lọ́la pé òun ò gbọ́.

Àwọn kan á sì ní: ẹ gbọ́ ilé ìròyìn mìíràn nígbà náà. Èwo? Ní oṣù Kẹfà 2025, HAAC ti Togo dá RFI àti France 24 dúró fún oṣù mẹ́ta, wọ́n ní ìròyìn wọn kò tọ́ àti pé ó ń ba orúkọ ìlú jẹ́. Bóyá wọ́n ṣẹ̀, bóyá wọn ò ṣẹ̀. Àmọ́ bí ìlú tó ń la ìjà fún ẹlòmíràn bá ti ohùn mìíràn pa, ohùn ìjọba nìkan ló kù, ẹrù ohùn ìjọba náà sì wúwo sí i nìyẹn.

Ká sún mọ́ ilé wàyí. Kò sí ogun láàárín Benin àti Niger, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìjà wà. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun gba ìjọba ní Niamey ní oṣù Keje 2023, CEDEAO fi ìyà jẹ Niger, Benin sì ti ẹnubodè. Ní oṣù Kejì 2024, CEDEAO mú ìyà náà kúrò, Benin ṣí tirẹ̀, Niger kò ṣí. Ní oṣù Kárùn-ún, Ààrẹ Talon ní epo rọ̀bì Niger, tó ń gba inú páìpù tó tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà wá sí Sèmè níbí, kò ní wọ ọkọ̀ ojú omi bí Niger ò bá ṣí ẹnubodè. Àwọn ará Ṣáínà tó ni páìpù bá wọn dá sí i. Ní oṣù Kẹfà, àwọn ààrẹ àtijọ́ wa, Soglo àti Boni Yayi, lọ sí Niamey láti bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Kérésìmesì, Ọ̀gágun Tiani jókòó sí tẹlifíṣàn ìjọba Niger, ó fẹ̀sùn kàn pé Faransé, Benin àti Nàìjíríà ń pète ibi sí ìlú òun. Benin sẹ́, Nàìjíríà sẹ́.

Ẹni tó wà ní Malanville gbọ́ ti Kútọnu. Ẹni tó wà ní Gaya gbọ́ ti Niamey. Odò Ọya nìkan ló wà láàárín wọn. Àwọn ìyá wa tó ń ta àlùbọ́sà mọ̀ pé ọ̀nà ti dí kí rédíò tó sọ ọ́, torí iye tí wọ́n ń ra àpò kan ló sọ fún wọn. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ohun tí àwọn bàbá méjì tó lọ sí Niamey bá bọ̀. Kí ni Niger ní kí Benin ṣe? Kí ni Benin gbà, kí ló kọ̀? Wọ́n fi àwòrán hàn wá pé wọ́n lọ, wọ́n sì bọ̀. Ẹ kú àbọ̀ o.

Bó ṣe lè dára wà. Ní Kongo tí à ń sọ yìí, ọjọ́ tí ìjíròrò àlàáfíà bẹ̀rẹ̀ ní Sun City, ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2002, ni Radio Okapi tí ONU dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Faransé, Lingala, Swahili, Tshiluba àti Kikongo. Àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ̀ pé àlàáfíà tí àwọn olórí ṣe ní èdè tí abúlé ò gbọ́, àwọn olórí nìkan ló máa gbádùn rẹ̀. Níbí, rédíò ìjọba ní Kútọnu ń sọ ìròyìn ní Yorùbá, èyí tí a mọ rírì rẹ̀. Ní Togo, Ewe àti Kabiyè ni èdè orílẹ̀-èdè. Àwọn ará wa Ifẹ̀ ní Atakpamé, èdè ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń gbọ́ bí olórí wọn ṣe ń la ìjà.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ìròyìn ìjọba méjèèjì kò pọ̀. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà kan tó kan Benin tàbí Togo, tàbí tí olórí wa jẹ́ onílàjà rẹ̀, kí wọ́n ka kókó rẹ̀ síta láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní àwọn èdè wa: ta ló fọwọ́ sí i, kí ni oníkálùkù ṣèlérí, ọjọ́ wo, ta ni yóò ṣọ́ ọ, ta ni kò sí níbẹ̀. Ká dín kíka orúkọ kù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n padà wá sọ èyí tó ṣẹ àti èyí tí kò ṣẹ.

Àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a rò pé ó lè ya ìwé kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì: ìdáwọ́-ìjà-dúró, ìlànà ìjíròrò, àlàkalẹ̀ àdéhùn, àdéhùn àlàáfíà. Bí ẹ bá ní èyí tó dára ju tiwa lọ ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Ìdáàṣà, ẹ fi ránṣẹ́. Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, a ó ka àwọn orí díẹ̀ nínú ìwé Lomé 1999 ní Yorùbá, bàbá tó bi wá bóyá ìwé wà níbẹ̀ ti ṣèlérí pé òun yóò wá. Ẹni tó bá gbọ́ Faransé dáadáa tó sì lè kọ Yorùbá, kó tètè bá akọ̀wé sọ̀rọ̀, torí orí mẹ́ta péré la tíì túmọ̀.